"Àti Ẹgbẹ́ Rẹ̀": Bí Bàbá Olórin Ṣe Lè Kó Àwọn Tí Wọ́n Jọ Ṣeré Jọ Láti Tún Gba Orin Sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Oǹdó la wà. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 71. Láti nǹkan bí 1974 ni wọ́n ti ń ta gìtá, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ olórin ìbílẹ̀ to orin, láti ibí títí dé Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀. Wọ́n fẹ́ kó àwọn tó kù nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣeré jọ, kí wọ́n gba orin mẹ́jọ sílẹ̀: ìyáàlù, gúdúgúdú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agídìgbo, gìtá, elégbè méjì, pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe bíìtì lórí kọ̀ǹpútà. A ní pálọ̀, máíkì mẹ́rin, àti ẹ̀rọ ìgbohùn ẹlẹ́nu mẹ́jọ tí a yá. Kásẹ́ẹ̀tì bí ọgbọ̀n tún wà nínú páálí, ohùn àwọn tó ti kú wà níbẹ̀. Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀, kí la sì máa ṣe tí ìjà ò fi ní ṣẹlẹ̀ lórí owó?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì bá mi kí bàbá dáadáa. Ọ̀rọ̀ owó lẹ fi parí ìbéèrè yín, àmọ́ ìdí ìjà náà jìn ju owó lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn àwo orin àtijọ́ èyíkéyìí tó bá wà nílé. Orúkọ ẹnì kan á wà níbẹ̀ gàdàgbà, lábẹ́ rẹ̀ á wà "àti ẹgbẹ́ rẹ̀". Ẹni tó lu ìyáàlù, ẹni tó ń gba ohùn kejì, ẹni tó to gìtá, gbogbo wọn ló wọ inú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn lọ tí wọn ò jáde mọ́. Àgbà onílù tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ ní 1980 kò gbàgbé. Bí ẹ bá ní kó wá lù lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun tó máa kọ́kọ́ rò ni bóyá ohun kan náà lẹ tún fẹ́ fi ojú òun rí.

Nítorí náà, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kì í ṣe máíkì. Ẹ jókòó ti bàbá láàárọ̀ nígbà tí ara wọn ṣì le, kó má ju ogójì ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi fóònù gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ pa nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kí ìpè má bàa já a. Ẹ má bi wọ́n pé "ọdún wo ni?" Àgbàlagbà kì í fi ọdún ka ìgbésí ayé rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń rántí. Ẹ bi wọ́n pé: ṣé apá òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà lójú títì nígbà yẹn? Apá ọ̀tún la bọ́ sí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Pọ́n-ùn ni wọ́n san fún yín àbí náírà? Náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973. Ṣé wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀? Ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976 nìyẹn. Ṣé wọ́n ti pààrọ̀ àwọ̀ owó? 1984. Ṣé Èkìtì ṣì wà lára wa? Wọ́n yọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996. Ìbéèrè márùn-ún yìí nìkan á fi orin kọ̀ọ̀kan sí àárín ọdún mélòó kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni méfò. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé 1974 tí ẹ kọ sí mi yẹn gan-an á yí padà.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bèèrè ènìyàn: ta ló dá orin náà, ta ló gbè é, ta ló gbé ìyáàlù, ta ló ni ampilifáyà, ta ló ni mọ́tò tí ẹ gbé lọ sóde? Ìbéèrè mọ́tò yẹn kì í ṣe àwàdà. Ẹni tó bá rántí mọ́tò á rántí ẹni tó jókòó síwájú àti ẹni tó gbé ìlù lé itan lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ẹni méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀, kí ọ̀kan máa tún ti èkejì ṣe. Ìwé tí ẹ bá kọ jáde níbẹ̀ lẹ ó fi mọ ẹni tí ẹ ó pè, ẹni tí ẹ ó wá ẹbí rẹ̀ lọ, àti orúkọ tí ẹ ó tẹ̀ sára iṣẹ́.

Ó kan ìpín. Orin kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀, ó sì ní ilé. Ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orin àti ohùn tí a fi ń kọ ọ́, ìyẹn ohun tí ẹlòmíràn lè tún kọ lọ́la láìlo ohùn bàbá. Ilé ni ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ ní pálọ̀ yín lọ́jọ́ náà. Ẹni tó kọ́lé lè máà ni ilẹ̀, bí ẹ̀yin náà ṣe mọ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì tún kù 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ fún àwọn àjogún. Ilé ní 50 ọdún láti ìparí ọdún tí ẹ kọ́kọ́ gbé e jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. "Wọ́n ti fún mi lẹ́nu" kò tó.

Ìwé kan fún orin kan, kí ẹ tó lù ú rárá. Àpapọ̀ ilẹ̀ á jẹ́ 100, àpapọ̀ ilé á jẹ́ 100. Bí bàbá bá kọ ọ̀rọ̀, tí ọ̀rẹ́ wọn sì fi ohùn sí i, 50 sí 50 ni ilẹ̀. Ti onílù ló ṣòro, lójú tèmi ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rẹ́ ènìyàn jẹ jù. Bí ìyáàlù bá kàn ń tẹ̀ lé akọrin, inú ilé ni ìpín rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí gbólóhùn tí ìyáàlù fọ̀ bá di ohun tí elégbè ń gbà, onílù yẹn ti kọ ọ̀rọ̀ sínú orin, bí ẹni tó fi ẹnu kọ ọ́ náà ni. Ẹ fún un ní nǹkan nínú ilẹ̀, 10 tàbí 15. Bí ẹ bá mú orin àbáláyé, irú bí orin ọbitun tí àwọn obìnrin Oǹdó ń kọ, kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i pé òun ló dá a. Ẹ kọ "orin àbáláyé, Oǹdó", kí orúkọ bàbá jẹ́ ti ẹni tó tò ó, kí orúkọ ìyá tó mú ẹsẹ náà wá sì wà níbẹ̀.

Ní ti owó ilé, ẹ jẹ́ ká fi iye ṣàpẹẹrẹ. Ká ní ẹ ná ₦600,000 lórí ẹ̀rọ, oúnjẹ, ọkọ̀ àti àtúnṣe ohùn, tí ₦1,000,000 sì wọlé. Ẹni tó náwó á kọ́kọ́ yọ ₦600,000 rẹ̀, á ku ₦400,000. Ọ̀nà méjì tí gbogbo ọmọ Yorùbá fi ń pín ogún ló wà nílẹ̀: orí-ò-jorí àti ìdí-igi. Bí ẹ bá pín in ní ìdí-igi, ìdí ohùn, ìdí ìlù, ìdí bíìtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bí ₦133,000. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín nìkan á dá gba tirẹ̀, àwọn mẹ́rin tó wà ní ìdí ìlù (mo ka alágídìgbo mọ́ wọn) á wá pín tiwọn sí nǹkan bí ₦33,000. Ìjà ti dé. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí bàbá kọ́kọ́ mú 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦120,000, nítorí orúkọ wọn ló máa tà á, kí àwọn méje tó kù wá pín ₦280,000 ní orí-ò-jorí. ₦40,000 kọ̀ọ̀kan nìyẹn, ẹnikẹ́ni sì lè fi ìka ṣírò rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ san owó ọjọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò nílé yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìwé pé "owó ọjọ́, kì í ṣe ìpín". Bí ẹ ò bá kọ gbólóhùn yẹn, ẹ̀yin lè sọ lọ́la pé ẹ ti san tán, òun náà lè sọ pé ẹ ò tíì san nǹkan kan, kò sì sí ẹni tó máa purọ́ nínú yín. Fún àgbà tí kò mọ̀wé, ẹ ka ìwé náà sí i létí ní Yorùbá lójú ẹnì kan láti ilé rẹ̀, kó tẹ̀ka, kí ẹni yẹn sì fọwọ́ sí i pé wọ́n kà á lójú òun.

Àwọn tó ti kú ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ fi ohùn wọn láti inú kásẹ́ẹ̀tì sí iṣẹ́ tuntun, olórí ẹbí nìkan kò tó. Bí ilé náà bá ní ìyàwó mẹ́ta, ẹ wá ọmọ kan láti ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan kó fọwọ́ sí i, àyàfi bí ilé ẹjọ́ bá ti fún àwọn kan ní ìwé àṣẹ láti máa bójú tó ogún náà. Àwọn yẹn lẹ ó bá sọ̀rọ̀. Kí iṣẹ́ tó jáde ni kí ẹ ṣe èyí. Ìgbà tí wọ́n bá fi etí ara wọn gbọ́ ohùn bàbá wọn lórí rédíò kí ẹ tó wá, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Páálí kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ má kàn ki í bọ rédíò kí ẹ máa gbọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ etí kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kó má ṣeé gba nǹkan lé lórí mọ́. Ẹ wo téèpù inú rẹ̀ níbi fèrèsé rẹ̀. Èyí tó bá ní funfun bí ìyẹ̀fun lára ti bu, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má lò ó. Bí ẹ bá lò ó, ìbu náà á lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, á sì ran èyí tó kàn. Àwọn tó kù, ẹ sáré wọn dé òpin, kí ẹ tún sáré wọn padà lẹ́ẹ̀kan, torí téèpù tó ti jókòó sójú kan fún 30 ọdún máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi òwú àti isopropyl alcohol tó tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún nu orí ẹ̀rọ àti irin tó ń fa téèpù, lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì méjì-méjì, kó gbẹ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù ohùn ni skúrù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbà á ní 1982 àti èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò ka téèpù ní ojú kan náà, nítorí náà ohùn á wú, á dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú aṣọ. Ẹ tẹ́tí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan. Ẹ yí skúrù yẹn díẹ̀díẹ̀, kó má tó ìdámẹ́rin yípo kan, títí tí ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á fi dún kan-an-kan létí yín. Ibẹ̀ gan-an ni. Kásẹ́ẹ̀tì tó kàn á tún fẹ́ tirẹ̀. Bí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀, fóòmù pẹlẹbẹ inú kásẹ́ẹ̀tì ti bọ́. Ẹ kó àgbá téèpù méjèèjì sínú èèpo kásẹ́ẹ̀tì míì tó ní skúrù. Bí ohùn gbogbo wọn bá wá dà bí ti ọmọdé, tí orin sì ń sáré, bátìrì ló ń kú lọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Ẹ̀rọ ń falẹ̀ nígbà náà, ìyára tó pé lẹ wá ń fi lò ó báyìí. Kọ̀ǹpútà lè dá a padà, ṣùgbọ́n kí bàbá jókòó tì yín kí wọ́n sọ ìgbà tó dé ojú ẹ̀.

WAV (fáìlì ohùn tí wọn ò fún pọ̀) ni kí ẹ fi pa á mọ́, 48 kHz, 24 bit. Wákàtí kan á gba nǹkan bí 1 GB, ọgbọ̀n kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan á gba nǹkan bí 31 GB. Ẹ má fọ ariwo kúrò lára ẹ̀dà àkọ́kọ́ yìí. Ariwo "ṣìì" yẹn àti ṣaworo ìyáàlù jọ ń gbé lókè ni. Ohun tó bá pa ọ̀kan á pa èkejì.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí orin tuntun. Ohùn bàbá ní 71 kì í ṣe ohùn 1982. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orin kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ mẹ́ta láìsí gìtá, kí ẹ fi áàpù tó ń wọn ohùn lórí fóònù wo ibi tí wọ́n ń sinmi lé. Lọ́pọ̀ ìgbà, á fi fret (àlàfo irin ọrùn gìtá) méjì tàbí mẹ́ta wálẹ̀ sí ti àtijọ́. Ẹ má fipá mú wọn lọ sí F tàbí G. Bí ó bá bọ́ sí àárín, ẹ tú gìtá kó lọ bá wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn gìtá, gúdúgúdú ló kàn, kì í ṣe ìyáàlù. Ìyáàlù lè fi osán (okùn awọ tó wà lára rẹ̀) gùn tàbí kó sọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá, gúdúgúdú ò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ohùn kan ló ní. Bí ohùn yẹn bá ta ko gìtá, á máa ta kò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko. Ìda tó wà láàárín awọ rẹ̀ ni kí onílù fi tún un ṣe. Bó bá lẹ díẹ̀ kún un, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Bó bá họ díẹ̀ kúrò, á gòkè.

Ojú ọjọ́ wa níbí kò ní jẹ́ kí awọ sinmi. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, ọ̀rinrin á mú un dẹ̀. Onílù á fún osán títí apá á fi máa ro ó, ohùn òkè ò ní jáde. Ẹ gbé ìlù sínú pálọ̀ náà ní wákàtí méjì ṣáájú, kí ẹ kọ ojú awọ sí oòrùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e sídìí iná. Iná ń gbẹ ojú awọ kó tó dé inú, etí awọ níbi ẹ̀gi (òrùka tó di awọ mú) ló sì máa ń ya. Nígbà ọyẹ́, òdì kejì ni: awọ á máa le sí i bí ọ̀sán bá ṣe ń pọ́n, kí ẹ yẹ ohùn rẹ̀ wò ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni mo máa yàn. Òjò náà ò sì ní wá máa lu páànù mọ́ yín lórí.

Pálọ̀ tó ní táìsì nílẹ̀ àti POP lókè, ẹ pàtẹ́wọ́ kan sí àárín rẹ̀. Bó bá dá yín lóhùn "tẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀", ẹ gbé mátíráàsì méjì dúró ti ògiri méjì tó so igun kan, kí ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì, kí ẹ fa kọ́tìnì. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò wúlò tó owó gúlù rẹ̀. Ẹ pa fáànù, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ fi bátìrì láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́. Ẹ pa fíríìjì náà, kí ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sínú rẹ̀: ẹ ò ní lè kúrò nílé láìrántí tàn án padà, ọbẹ̀ ò sì ní kan. Láìsí fáànù, ooru á mú yín, nítorí náà ẹ má ṣe ju ìṣẹ́jú 25 lọ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.

Ẹ má gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín á fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó rọrùn láti tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹnu akọrin ni onílù ìyáàlù ń wò, èjìká ìyáàlù ni gúdúgúdú ń wò. Bí ẹ bá yà wọ́n, ẹ ti gba ìlù mẹ́rin, ẹ ò tíì gba eré kankan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ní ìlàjì yípo, kí bàbá kọjú sí ìyáàlù ní nǹkan bí mítà méjì àbọ̀.

Máíkì bàbá á wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí ẹnu wọn, irú èyí tí wọ́n ń lò lóde ni ó dára jù, nítorí kì í fa ohùn tó jìnnà. Ti ìyáàlù á wà ní 40 sí 60 sí ojú tí wọ́n ń lù, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Bí ẹ bá sún un mọ́ ọn tó 15, ariwo kọ̀ǹgọ́ àti ṣaworo nìkan lẹ ó gbọ́, "pá, pá, ṣà, ṣà". Ọ̀rọ̀ tó ń sọ á sọnù, torí awọ méjèèjì àti igi ló jọ ń dá ohùn yẹn, ó sì nílò àyè kó tó pé. Máíkì kẹta á gba gúdúgúdú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo (ọ̀kan nínú elégbè lè lù ú) pọ̀. Ẹ gbé e ga tó mítà kan àbọ̀, kí gúdúgúdú wà ní mítà kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní méjì, agogo lẹ́yìn wọn. Bí ọ̀kan bá bo èkejì, ènìyàn ni kí ẹ sún, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì. Ìkẹrin jẹ́ ti agídìgbo, sẹ̀ǹtímítà 25 sí ihò rẹ̀, kí ẹ̀yìn máíkì kọ sí ìyáàlù, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gbọ́ràn dáadáa. Gìtá á wọ inú ẹ̀rọ tààrà. Elégbè á máa gbè é jẹ́jẹ́ láìsí máíkì, kí bàbá lè rí ẹni dá lóhùn. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá gba tiwọn lẹ́ẹ̀mejì lórí máíkì.

Ní ti ìwọ̀n ohùn, ẹ ní kí onílù lù bí ìgbà tí wọ́n ń náwó fún un, kí ẹ fi sí -12 dB. Bó bá wá di eré gidi, á tún lù jù bẹ́ẹ̀ lọ, á dé -6, ohùn ò sì ní fọ́. Ẹ tẹ ẹ̀rọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá, torí oríkì àti ìkíni tí ìyáàlù ń fi wọlé máa ń dára ju ohun tí ẹ ṣètò lọ. Ìyáàlù ni kó máa pe ìyípadà àti ìdúró. Kí pródúsà má máa juwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni orin kan. Àwọn àgbà kì í lu ìkarùn-ún dára ju ìkejì lọ, ó kàn máa ń rẹ̀ wọ́n ni.

Ọmọ oníbíìtì ló kàn. Ẹ má jẹ́ kó fi "tíkì-tíkì" kọ̀ǹpútà sí etí àwọn àgbà. Agogo ló ń ka àkókò fún wọn, kóńkóló rẹ̀, ìyẹn ìlù kan náà tó ń tún ara rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ní ìṣísẹ̀ méjìlá. Orin tó bẹ̀rẹ̀ ní ìyára 104 ní ìṣẹ́jú kan (BPM) lè parí sí 110, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn: eré ń gbóná. Òun ni kó tẹ̀ lé wọn, kó fi àmì sí ibi tí kóńkóló kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí kọ̀ǹpútà máa yí ìyára padà bí wọ́n ṣe yí i. Bó bá pín ojú ìwọ̀n rẹ̀ sí mẹ́rìndínlógún bó ṣe máa ń ṣe, tó wá ní kí kọ̀ǹpútà fa gbogbo ìlù wọ inú rẹ̀, ìlù á máa ta gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan rìn. Ó gbọ́dọ̀ pín in sí mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ìlù abẹ́ bíìtì rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nǹkan bí 60 Hz, kó fi àyè 100 sí 250 sílẹ̀ fún ara ìyáàlù.

Kó má sì fi ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe kan bàbá, pàápàá kó má fi kan ìyáàlù. Ẹ̀rọ yẹn kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ ní kí bàbá kọ "ìlú wa dùn": ohùn wọn á gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè lórí "ìlú". Ẹ̀rọ á rí gígùn yẹn bí àṣìṣe, á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó ti di "ìlù wa dùn". Ẹni tó gbọ́ ọ ò ní mọ̀ pé ìlú Oǹdó ni wọ́n ń kì.

Nípa gígùn orin: láyé àwo, orin jùjú kan lè gba ẹ̀gbẹ́ kan tán, ìṣẹ́jú 18 tàbí 20. Nígbà tí Sunny Adé, ọmọ Oǹdó, bá ilé-iṣẹ́ Island ṣiṣẹ́ ní 1982, pródúsà rẹ̀, Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé e jáde ní orin kúkúrú kúkúrú fún etí àwọn ará ìta. Ẹ ṣe méjèèjì. Spotify ń ka orin sí èyí tí a ti gbọ́ bó bá ti kọjá 30 ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà orin ìṣẹ́jú 18 kò pawó ju ti ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ níbẹ̀. Ẹ fi gígùn sílẹ̀ fún àwọn tó mọ adùn rẹ̀, kí ẹ gé kúkúrú jáde lára rẹ̀. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ISRC (nọ́ńbà tí a fi ń dá ohun tí a gbà sílẹ̀ mọ̀) tirẹ̀, ẹ má fi ọ̀kan fún méjì. -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń dún tó) ti tó fún ariwo rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn á dín in kù fún yín, ìyáàlù á sì ti kú sínú rẹ̀.

Fún owó rédíò àti òde, MCSN (Musical Copyright Society Nigeria) ni ẹgbẹ́ tí Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ, fún láṣẹ ní 2017 láti máa gbà á. Ẹni tó bá ní ìpín nínú ilẹ̀ ni kó lọ forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, kí bàbá má gbà á fún wọn. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú láptọ́ọ̀pù, ọ̀kan nínú háàdì ìta, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹbí kan ní Àkúrẹ́.

Àwọn tó ń bá ènìyàn gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àyè fún orúkọ gbogbo ẹni tó lù, tó kọ, tó gbè. Ẹ kún gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ pe ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, kí ẹ ka orúkọ rẹ̀ sí i létí bí ẹ ṣe kọ ọ́. Àgbà onílù lè máa jẹ́ Àyàn-nǹkan lẹ́nu iṣẹ́, kó sì máa jẹ́ Joseph ní báńkì. Èyí tó bá fẹ́ kí ayé rí ni kí ẹ tẹ̀ sí i, ti báńkì ni kí ẹ fi sanwó.